Omi Ọkọ̀ ní Ọ̀nà Kuta

Ọkọ̀ bàbá mi kì í kọjá abúlé kan lẹ́yìn Kuta láì hó. Bó ti wù kí n rọra wà á tó, bó ti wù kí n tètè kúrò ní Ìwó tó, tí mo bá ti la Kuta kọjá, tí mo gun òkè kékeré tó tẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ooru ẹ́ńjìnnì ti tó á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń gun àkàsọ̀. Kí n tó rí òrùlé àkọ́kọ́ ní abúlé ọ̀hún, ó ti dé ojú ibi pupa. Èéfín funfun á máa yọ létí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èmi náà á yà sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, màá pa ẹ́ńjìnnì, màá sì jókòó.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí lè rò pé ọkọ̀ náà ń dà mí láàmú. Kò dà mí láàmú. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí má baà máa wá mi kiri nínú rẹ̀: bí ọkọ̀ yẹn kò bá hó, mi ò ní rí ẹnikẹ́ni bá jókòó sọ̀rọ̀ láti Sátidé kan dé òmíràn.

Ìwó kì í ṣe ìlú tí èèyàn ò sí. Àdúgbò wa kún. Bí ládàánì bá ti pe ìrun àsùbáà báyìí, ẹsẹ̀ á ti máa dún lójú títì, àwọn ọlọ́kadà á máa fọn fèrè, àwọn ọmọ iléekéwú á máa ké wàláà. Aránṣọ ni mí. Aṣọ ọkùnrin ni mo ń rán, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi. Ẹni tó bá mú aṣọ wá á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," màá ní, "Ẹ ṣeun," màá wọn èjìká rẹ̀, màá wọn apá rẹ̀, ó di ọjọ́ tó bá wá gbà á. Ìkíni pọ̀ nílẹ̀ wa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìkíni kọ́ ni ọ̀rọ̀. Èèyàn lè gba ìkíni kún agbọ̀n láàárọ̀, kó má rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú sùn lálẹ́.

Ìyàwó mi ti jáde láyé. Kó tó lọ, kò sí ohun tí àwa méjèèjì kì í jà sí: iyọ̀ ọbẹ̀, ẹni tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ọ̀nà tó yá jù lọ sí oko. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé àwọn ìjà kéékèèké wọ̀nyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní. Nígbà tí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán, tí àlejò tú ká, ilé bá dákẹ́. Ọmọbìnrin mi padà sí Èkó, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin padà sókè òkun. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́, "Dádì, ṣé ẹ ti jẹun? Dádì, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?", ìyẹn náà, mọ̀lẹ́bí ìkíni ni.

Oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà níwájú abúlé yẹn díẹ̀. Kòkó náà ti gbó, kò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé igi kò so mọ́ ká má lọ kí i. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò, nínú ọkọ̀ tí bàbá mi kan náà fi sílẹ̀ fún mi. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ni, iwájú rẹ̀ gùn bí imú ẹṣin, irú èyí tí àwọn tó ń ra kòkó máa ń gùn láyé ọjọ́un. Awọ àga rẹ̀ ti ya. Òwú tí mo fi ń rán agbádá ni mo fi rán an. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní àrùn kankan bí kò ṣe òùngbẹ.

Ilé tó dojú kọ igi máńgòrò yẹn, bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò gbà kí wọ́n lọ sóko mọ́, nítorí náà iwájú ilé ni wọ́n máa ń jókòó sí lórí àpótí. Ìyàwó tiwọn náà ti ṣaláìsí. Ọmọ wọn kan wà ní Kuta, àwọn yòókù wà níbi tí ọmọ ń wà láyé ìsinsìnyí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ mi hó níbẹ̀, tí mo dúró tí mò ń wo èéfín bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, bàbá náà ni wọ́n tiro jáde, tí wọ́n gbé omi inú bùtá tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àlùwàlá wá bá mi.

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Omi ìrun yín mà ni."

Wọ́n ní, "Ọlọ́run á rí i pé mọ́tò ló mu ún. Ṣùgbọ́n má tíì ṣí i o! Ohun tó bá gbóná, ojú là á fi wò ó títí yóò fi gba ọwọ́. Jókòó."

Mo jókòó.

Nílẹ̀ wa, a kì í ta omi fún ọkọ̀ tó hó. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dúró lẹ́bàá ilé rẹ, omi di ẹ̀tọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà sí ààlà. Ṣùgbọ́n bàbá yìí ṣe ju ẹ̀tọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé n kì í pa Sátidé kankan jẹ, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù kan sẹ́bàá ògiri, wọ́n ní ti ọkọ̀ mi ni, kí ẹnikẹ́ni má fi omi inú rẹ̀ fọṣọ. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ríro yẹn sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, kẹ́ẹ̀gì kékeré kan lọ́wọ́, wọ́n ń pọn omi sí i títí yóò fi kún.

"Màlúù rẹ tún dé," wọ́n á ní, kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ó dé, Bàbá. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

"Màlúù gidi, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn lọ sódò. Tìrẹ yìí, àwa là ń gbé odò lọ bá a. Ọba màlúù!"

Lẹ́yìn náà, a ó dúró kí ọkọ̀ tutù. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ àtijọ́ mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè kánjú sí i. Bí o bá ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí omi ń hó, ojú rẹ ni omi náà á lọ. Nítorí náà a ó jókòó lábẹ́ igi, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láì sí ẹni tó pè é. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan, èmi á gbà á lọ́wọ́ wọn níbi tí ìyá bàbá mi ti sọ ọ́ yàtọ̀ fún mi, wọ́n á ní ìyá bàbá mi ò gbọ́ ọ dáadáa, èmi á ní bóyá ẹni tó sọ ọ́ fún wọn ni ò gbọ́ ọ dáadáa. A ó jà á títí.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ó ń mu odò, kì í tọ̀. Kí ni o?"

Mo ní, "Ọkọ̀ mi ni."

"Irọ́! Wo ilẹ̀."

Mo wo ilẹ̀. Omi ń kán lábẹ́ ọkọ̀, tó, tó, tó.

"Tìrẹ ń tọ̀," wọ́n ní. "Iyanrìn ni mo wí. Ọkọ̀ rẹ, kò mọ omi í mu, kò mọ̀ ọ́n dá dúró." A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Bí ọwọ́ bá ti lè gbé lórí ìdérí rédíétọ̀ láì jóni, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Wọ́n á bu omi, èmi á rọ ọ́ sí i, màá dúpẹ́, màá lọ. A kò ṣàdéhùn rí. Mi ò sọ rí pé, "Ó di Sátidé tó ń bọ̀." Ọkọ̀ ló ń bá wa ṣàdéhùn.

Ọmọbìnrin mi ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kan kò tọ́. Ó wálé fún Iléyá, ó ní òun fẹ́ bá mi dé oko tí òun ti ń ká èso kòkó nígbà èwe. Nígbà tí ọkọ̀ hó, tí mo yà sábẹ́ igi bí ẹni tó dé ilé rẹ̀, ó dúró sínú oòrùn, ó dì mọ́ ìbòrí rẹ̀. Bàbá náà ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti lọ jẹ ẹran ọdún lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Kuta. Èmi fúnra mi ni mo bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù.

"Dádì, ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Kò sí ohun tó ń ṣe é. Ibí yìí ló máa ń hó sí."

"Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ? 'Ibí yìí ló máa ń hó sí'! Bó bá wá hó síbi tí kò sí omi, tí kò séèyàn ńkọ́? Ẹ ta á, tàbí ká tún un ṣe."

Mi ò lè sọ fún un pé ibi téèyàn wà ni ọkọ̀ náà ti yàn fúnra rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú rẹ̀ fún ọmọ?

Kò pẹ́ tó padà sí Èkó ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan pè mí láti gáréèjì pé kí n wá gba ẹrù tí ọmọ mi fi ránṣẹ́. Páálí ńlá ni. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ọmọ mi tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ló bá a yan gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀: rédíétọ̀ tuntun tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, tí ara rẹ̀ funfun báláú, fáànù oníná tí yóò máa yí fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti pọ̀, hóòsì tuntun, ike kan tí omi tó bá wú á máa sá sí kó má baà dà sílẹ̀, àti ohun kékeré kan bíi ìdérí ìgò, tí sípíríǹgì wà nídìí rẹ̀, tó lọ́ bí èyí tó wà nínú bírò ìkọ̀wé. Mo ti páálí náà sábẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Dádì, ṣé wọ́n ti fi sí i?"

"Mẹkáníìkì rìnrìn àjò."

Mẹkáníìkì ò rìnrìn àjò kankan. Ọkùnrin alápárá kan ni, kò tó mi lọ́jọ́ orí, ìta ilé rẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́ ní tòsí wa. Òun náà ló kó mi láyà jẹ nígbẹ̀yìn, nígbà tí mo gbé ọkọ̀ lọ bá a nítorí bíréèkì. Ó fi ọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì, ó mi orí.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ti hó tó o. Bó bá tún hó sí i, orí ẹ́ńjìnnì yìí á tẹ̀. Bó bá sì ti tẹ̀, ẹ kàn máa fi ṣe ààrò ni, kẹ́ ẹ máa yan àgbàdo lórí ẹ̀."

Mo lọ sílé, mo ro ó. Bí mo bá tún un ṣe, mi ò ní rí ohun tí yóò dá mi dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Bí mi ò bá tún un ṣe, mi ò ní rí ohun tí yóò gbé mi débẹ̀. Àbí kí n gun ọ̀kadà? Ọ̀kadà kì í hó.

Mo fa páálí náà yọ.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú rédíétọ̀ àtijọ́ sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ẹ̀yìn sípánà gbá a. Amọ̀ pupa gbígbẹ ń já bọ́ ní wóró wóró. Ó tún gbá a, òmíràn tún já bọ́. Àwọn ihò tín-ín-rín tó yẹ kí omi máa gbà kọjá, gbogbo wọn ló ti dí bí etí adití.

"Ọ̀gá, ta ló ń bá yín pọn omi? Ẹ wò ó, eléyìí tó í mọ ilé."

"Omi odò ni."

"Odò wo? Èyí tí màlúù ń wẹ̀? Ẹni tó ń fún ọkọ̀ yín nírú omi yìí, ọ̀tá yín ni o."

"Rárá," mo ní. "Kì í ṣe ọ̀tá."

Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ kó le lọ. Ó wò mí, ó sì gbé sípánà rẹ̀ sílẹ̀.

Mo mú díẹ̀ nínú amọ̀ náà, mo fi ìka rún un. Ó pupa bí ilẹ̀ iwájú ilé bàbá náà. Omi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ríro pọn ló ń dí rédíétọ̀. Rédíétọ̀ tó dí ló ń mú ọkọ̀ hó. Ọkọ̀ tó hó ló ń gbé mi lọ bá omi. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, inú rere wọn ló ń pa ọkọ̀ mi, ọkọ̀ tó ń kú lọ ló sì ń fún èmi láàyè láti sọ̀rọ̀.

Nígbà tó kan ohun kékeré oní-sípíríǹgì yẹn, mẹkáníìkì mú un, ó fẹ́ sọ ọ́ sínú igbó.

"Ẹ jẹ́ ká ju èyí nù. Ó máa ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì ni. Ìlú òtútù ni wọ́n ti ń lò ó. Tiwa yìí, oòrùn wa ò tó ni?"

Ohun tí gbogbo mẹkáníìkì wa ń sọ nìyẹn. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe fún bàbá mi ti yọ ti àkọ́kọ́ jù nù kí n tó gbọ́njú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ má wọ inú rẹ̀. Mẹkáníìkì ní, "Ṣé ọmọ yín ti wá di ọ̀gá mi l'Ékòó ni?" Síbẹ̀, ó gbé ìkòkò tó fi ń se ẹ̀wà ọ̀sán rẹ̀ kaná, ó bu omi sí i, ó ju nǹkan náà sínú rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀, àwa méjèèjì, à ń wò ó. Omi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Omi ń gbóná, ó ṣì pa ẹnu rẹ̀ dé. Àfi ìgbà tí omi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó tí ìlẹ̀kùn kékeré àárín rẹ̀ rọra ṣí, láì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

"Ó ṣí!" mẹkáníìkì ké bí ẹni tó rí oṣù ààwẹ̀. Ó fi igi yọ ọ́. Bó ti ń tutù, ó tún padé. Ó tún jù ú sí i, ó tún ṣí. Ìgbà tí a ṣe é tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ló tó fi í sí àyè rẹ̀, tí ó so hóòsì, tí rìwáyà, oníná ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, so wáyà fáànù, tí wọ́n wá rọ omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì fún ẹ́ńjìnnì sí i.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Omi odò ò gbọ́dọ̀ kán sí i mọ́. Ẹ̀kán kan báyìí, ẹ má jẹ́ kó kán sí i."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo la Kuta kọjá, mo gun òkè. Ojú mi kò kúrò lára abẹ́rẹ́. Ó gòkè dé àárín, ó dúró. Mo rọra tẹ iná sí i, kò mira. Ọkọ̀ náà ń lọ bí ìgbà tí bàbá mi wà láyé, tí èmi jókòó lẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀.

Bàbá náà ti gbọ́ ohùn ọkọ̀ láti ọ̀ọ́kán. Nígbà tí mo yọ, wọ́n ti dìde, wọ́n ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò, garawa omi lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì rí àlàyé rẹ̀ títí dòní. Ó yẹ kí n yà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń gba ọ̀nà yẹn, èmi kọ́ ni mò ń dúró, ọkọ̀ ló ń dúró. Ẹsẹ̀ mi kò mọ bí a ṣe ń dúró fún ohun tí kò sí. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fọn fèrè, mo kọjá. Nínú dígí, mo rí wọn tí wọ́n dúró sójú kan náà, tí garawa ò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn, títí kọ́nà fi gbé wọn mọ́ mi lójú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ọmọ mi pè, mo sọ fún un pé ọkọ̀ kò hó. Ó hó ìhó ayọ̀ sí mi létí, ó ní, "Ẹ ò rí i, Dádì?" Mo ní mo rí i. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo rántí àlọ́ kan tí mo ti gbàgbé láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tó dára tí bàbá náà ò ní lè já. Mo pa á sókè níbi tí mo ti ń rán ṣòkòtò. Ẹ̀rọ ìránṣọ ò dáhùn. Mo dá a lóhùn fúnra mi, ohùn mi sì bà mí lẹ́rù nínú ilé náà. Èèyàn tó pàlọ́, tó tún já a fúnra rẹ̀, kí ló kù fún un láti ṣe?

Sátidé kejì, mo ti pinnu pé màá yà. Mo yà lóòótọ́. Iwájú ilé ṣófo. Ìlẹ̀kùn wà ní títì. Wọ́n ti da dúrọ́ọ̀mù náà dojú bolẹ̀, adìyẹ kan sì ń sùn lórí rẹ̀. Mo fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ojú tì mí, mo lọ.

Ìgbà tí mo tún débẹ̀ ni mo bá wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí wọn, apẹ ẹ̀gúsí ńlá kan wà níwájú wọn, àwo fífẹ̀ kan wà lórí itan, wọ́n ń bó o. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá."

"Káàbọ̀. Ṣé ó hó ni?"

"Kò hó, Bàbá."

Wọ́n gbé àwo sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n tiro wá síbi ọkọ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún wọn. Wọ́n ń wo rédíétọ̀ funfun náà, ọwọ́ wọn lẹ́yìn, bí ẹni tó ń wo ìyàwó tí ọmọ mú wálé láì sọ tẹ́lẹ̀. Lójijì fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Wọ́n fò sẹ́yìn.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Fúnra rẹ̀ ni."

"Hẹ̀n. Màlúù ti ń fi ìrù fẹ́ ara rẹ̀." Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Níbo ni wọ́n ń bu omi sí?"

"Wọn kì í bu omi sí i mọ́, Bàbá. Omi tó wà níbẹ̀ á pẹ́."

"Mo rí ọ tí o kọjá lọ́jọ́ yẹn. Mo ti bu omi sọ́wọ́."

"Mo rí yín."

"O rí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Fáànù dúró. Ewé máńgòrò kan já bọ́ sórí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n mú un kúrò.

"Ṣé omi mi ló ń bà á jẹ́ láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní, "Rédíétọ̀ yẹn ti gbó, Bàbá, ó ti pẹ́ tí—"

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo bi ọ́."

"Amọ̀ wà nínú omi odò," mo ní. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ fi síbẹ̀."

"Mo máa ń fi aṣọ sẹ́ ẹ," wọ́n ní. "Kí n tó dà á sí dúrọ́ọ̀mù, aṣọ funfun ni mo fi ń sẹ́ ẹ. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Mo ní mo mọ̀.

A padà sábẹ́ igi. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Wọ́n gbé àwo wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo dúró kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, bó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Mo wá àlọ́ tí mo gbé bọ̀ látilé, kò wá sẹ́nu. Nígbà tí ọkọ̀ ń gbóná, ohun tó dá wa dúró wà lójú wa, a lè wò ó bí a bá fẹ́ sinmi kúrò lára ara wa. Nísinsìnyí, ọkọ̀ tutù, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa, àwa méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀, ọkùnrin méjì tí aya wọn ti lọ, tí ọ̀nà kan ṣoṣo là kọjá láàárín wọn.

Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọ̀nà. "Ó yá, máa lọ. Oko rẹ ń dúró dè ọ́. Kò sóhun tó dá ọ dúró níbí."

Mo dúpẹ́. Mo wọ inú ọkọ̀, mo ṣáná sí i. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbéra lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ ni màá máa jù láti inú ọkọ̀ títí ọ̀kan nínú wa yóò fi kú. Mo pa á. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo rìn padà bí ẹni tó fẹ́ tọrọ ìyàwó.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mo wá kí."

Wọ́n gbójú sókè. "Èmi? Kí ló ṣe mí? Ta ló sọ fún ọ pé ara mi ò yá?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá."

Wọ́n fojú wọ̀n mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ rà? Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, mi ò ta ilẹ̀ o."

"Mi ò ra ilẹ̀. Ẹ̀yin náà ni mo wá kí. Mo fẹ́ kí a jókòó ni."

Wọ́n bó ẹyọ kan, wọ́n jù ú sínú àwo, wọ́n bó òmíràn. Mo dúró bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n rán an. Ọ̀kadà kan kọjá pẹ̀lú àpò gàrí àti obìnrin méjì. Wọ́n kí wa, a dáhùn. Nígbà tí eruku rẹ̀ rọlẹ̀, bàbá náà fa apẹ ẹ̀gúsí náà díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi.

"Bó bá jẹ́ pé ìjókòó náà lo wá jókòó, ọwọ́ rẹ á máa ṣe nǹkan. Ọmọ mi ní Kuta ló kó gbogbo rẹ̀ dé. Ó ní kí n má jókòó lásán."

Mo jókòó, mo bu ẹ̀gúsí sínú fìlà mi, mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò bó ẹ̀gúsí rí láyé mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ bó fọ́ sí méjì. Ìkejì fọ́ sí wẹ́wẹ́.

"Aránṣọ sì ni ọ́!" wọ́n ní. "Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbé aṣọ fún ọ rán."

"Ẹ kò gbé aṣọ fún mi rí, Bàbá."

"Mo ti ń fura tẹ́lẹ̀ ni."

Wọ́n fi hàn mí bí mo ṣe máa di etí rẹ̀ mú, kí n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí èèpo rẹ̀ là fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Láàárín ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ, ó tún ń padà: wọ́n béèrè ohun tó pa ìyàwó mi, ohun tí wọn ò béèrè rí ní gbogbo ọdún tí a ti ń da omi sọ́kọ̀. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Àṣẹ Ọlọ́run." Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀gúsí, wọ́n sọ ohun tó pa tiwọn. Èmi náà ní, "Àṣẹ Ọlọ́run." A tún dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ò dára, kò sì burú. Mi ò lè purọ́ pé ó dà bí ti àtijọ́. Kò sí ẹ̀rín tó mú wọn wúkọ́.

Nígbà tí oòrùn yí, mo dìde, mo gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ṣòkòtò mi. Mo mọ̀ pé ilé tí mò ń lọ yẹn, èmi náà ni màá ṣílẹ̀kùn rẹ̀, èmi náà ni màá tì í. Mo dọ̀bálẹ̀ láti dágbére. Mo fẹ́ sọ pé màá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọn ò dìde, wọn ò sì wo ọkọ̀. Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú apẹ, wọ́n rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí n lè rí bó ṣe kún tó.

"Èyí ò tíì tán o," wọ́n ní.